Ẹ́ńjìnnì Mi Ni Mo Fẹ́

Ìjókòó méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ mi. Ohun tí àwọn ẹbí mi kò fẹ́ràn nípa rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ariwo rẹ̀, kì í sì í ṣe eré tó ń sá. Tíṣà ni mí ní Ọ̀yọ́, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò sì bímọ. Lójú tiwọn, obìnrin tí kò bímọ tó wá ra ọkọ̀ tí kò ní ìjókòó ẹ̀yìn ti bá Ọlọ́run parí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, sọ ọ́ sí mi lójú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wà á dé ilé rẹ̀. Ó ní, "Ibo lo fẹ́ kí Olúwa gbé ọmọ náà sí?" Mo ní kó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ kékeré pupa ni, ó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹ̀ ba kó tó wọ̀ ọ́. Tọ́bò wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ roboto kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi èyí tó tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ sí i, kí wọ́n sì fi pístìn tó le sí i nínú. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì tó ń rú èéfín, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan lẹ́bàá Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sọ ẹ́ńjìnnì náà kalẹ̀, ó tún inú rẹ̀ ṣe, ó wá fi ọ̀rá dì í, ó ní òun ń dúró de páìpù kan. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, mi ò gbúròó.

Nígbà tí ilé-ìwé wọ ìsinmi, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́, mo lọ bá a. Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni mo bá nílẹ̀ níwájú ọkọ̀ mi, ẹ́ńjìnnì lásán, kò sí tọ́bò lára rẹ̀.

"Ta ló ni èyí?"

Ilẹ̀ ni mẹkáníìkì náà ń wò. "Màmá, bọ̀ọ̀dá yín ló ní ká fi sí i. Wọ́n ní kí tiyín má baà pa yín. Wọ́n tiẹ̀ ti rí ẹni tó fẹ́ rà á."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Kò jiyàn.

"Àbúrò mi ni ọ́," ó ní. "Tí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́nà, ta ló máa dúró tì ọ́? O ò lọ́mọ tó máa tọ́jú ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mi ni mo fẹ́. Ẹ sọ fún ẹni yẹn kó wá òmíràn lọ."

Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹbí mi ti ń bá mi pinnu nǹkan lẹ́yìn mi. Wọ́n ti fi orúkọ mi sínú ààwẹ̀ tí mi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ti fa ọmọ ọlọ́mọ wá síwájú mi pé kí n gbà á tọ́. Mo ń gbà á fún wọn torí wọ́n fẹ́ràn mi. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ìfẹ́ yẹn lè tú ẹ́ńjìnnì mi tà.

Mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè, mo sì fi ìborùn di orí mi. Mẹkáníìkì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló pa mí. Mo ní, "Ẹ gbé ṣéènì tẹ́ ẹ fi ń gbé ẹ́ńjìnnì wá. Bí ẹ ò bá fà á, èmi á fà á."

A tú ọ̀rá kúrò lára ẹ́ńjìnnì mi, a sì jọ fà á. Ẹ́ńjìnnì náà rọ̀ sókè, a sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń fi ọwọ́ darí rẹ̀ títí ó fi bá gíá pàdé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ṣíná sí i, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá páìpù tọ́bò, gbà-gbà-gbà. Mẹkáníìkì pa á kíá.

"Màmá, tọ́bò yìí ti tóbi jù fún ọkọ̀ yìí."

"Kò tóbi jù nígbà tí mo wà á wá síbí."

A yẹ gbogbo rẹ̀ wò, a wá rí i pé rọ́bà tuntun tí mẹkáníìkì fi sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì ga ju ti àtijọ́ lọ. A tún gbé e jáde, a dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀. Apá mi ń ro mí, ọ́ìlì ti ba ìborùn mi jẹ́, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí a tún ṣíná sí i, ó kọ́kọ́ rú èéfín bò wá, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ já gaara. Mo tẹ̀ ẹ́, tọ́bò súfèé.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà á lọ tààrà. Ó jókòó síwájú ilé, kò dìde. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde wá, ó gbé báàgì kọ́ apá.

"Àǹtí, ẹ gbé mi dé ọjà Takie, mo fẹ́ ra tòmátò."

"Nínú èyí?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ìjókòó wà níbẹ̀," ó ní, ó sì tẹ̀ ba wọlé.

Nígbà tí ọ̀nà là díẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó di ilẹ̀kùn mú, ọkọ̀ sì gbá wa mọ́ ìjókòó. Mo dẹ ẹsẹ̀. Ó wá rọra ní, "Ẹ tún tẹ̀ ẹ́."

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wà á padà sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbà títí dòní. Ó ṣì ń gbàdúrà fún mi, mo sì ń ṣe àmín, nítorí àdúrà kò burú. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì yẹn ti mọ̀ báyìí pé èmi ni kó máa pè kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀ mi.