Ẹ̀gbọ́n Mi Ẹlẹ́ja àti Ẹja Inú Kọ̀ǹpútà

Ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fi ń ta ẹja dídì. Bó bá ki ọwọ́ bọ inú fírísà, kò ní láti wò ó kó tó mọ irú ẹja tó dì mú. Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì wọ̀ ọ́ ju èyí tí bàbá wa sọ ọ́ lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ náà ni ojú tó fi ń ríran.

Ìyàwó ọmọ yìí wá bímọ, ìyá ìyàwó sì wá sílé ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí gbogbo wọn jọ ń gbé, láti bá wọn tọ́jú ìkókó. Télọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀gbọ́n mi kò lè dárí rẹ̀ jì í. Ká ní aláriwo ni, à bá rí nǹkan sọ.

Géèmù kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èèyàn á kó aràrá méje lọ sí ẹsẹ̀ òkè, á ní kí wọ́n gbẹ́ òkúta, kí wọ́n kọ́ odi, kí wọ́n wá oúnjẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi han ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìkókó ń sùn. Kí oṣù tó parí, aràrá obìnrin náà ti di ọgọ́rin. Ó gé yàrá fún wọn bí ẹni ń gé aṣọ, ìkankan ò wọ́. Òun àti ọkọ ọmọ rẹ̀ á jókòó tira, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọjá, ọmọ á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," láìgbójú sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé òun ò jowú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sọ ọ́ kí omi tó hó lórí iná. Ó ní òun lóyún ọmọ, òun pọ̀n ọ́n, ẹlòmíràn wá ń bá a kọ́lé. Mo ní odi inú kọ̀ǹpútà ni. Ó ní odi ni odi ń jẹ́.

Ọjọ́ tí mo lọ kí wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọmọ kọ́ òun náà ní géèmù ọ̀hún. Ọmọ fún un ní aràrá méje, ó sì kìlọ̀ pé kó ṣọ́ra fún ẹja inú odò.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ẹja?"

Àna rẹ̀ rọra dá sí i pé inú odi lòun gbẹ́ kànga sí, pé àwọn èèyàn òun kì í dé etí odò. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ẹnu ọ̀nà odi rẹ̀ sí bèbè odò gan-an, ó sì sọ àwọn méjèèje di apẹja.

Aràrá àkọ́kọ́ dé etí omi, ẹja yọ, ó fà á lẹ́sẹ̀, ó di inú odò. Ìkejì sáré lọ mú bàtà olóògbé, ẹja mú òun náà. Ìkẹta ń bọ̀ wá kó bàtà àwọn méjèèjì. Wọn kì í jẹ́ kí ogún ṣòfò, àwọn aràrá wọ̀nyí. Ọmọ ṣàlàyé pé bí ẹja bá ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú géèmù yẹn tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó, ẹja kì í sì í sinmi.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹja ń mú wọn títí ó fi ku ẹyọ kan, obìnrin, tó ń sùn. Ó jí, ó kọrí sí odò.

"Kí ni mo máa tẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi ọmọ rẹ̀.

"Ẹ bi Màmá," ó ní, ó sì nawọ́ sí ìyá ìyàwó rẹ̀. "Àwọn ni wọ́n mọ ìyẹn."

Aràrá ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí àna rẹ̀.

"Àna mi," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ọmọ yìí dúró."

Obìnrin náà na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó gba iṣẹ́ apẹja lọ́wọ́ aràrá, aràrá sì yí padà.

"Ẹ ò jẹ̀bi, àna mi," ó ní. "Ẹja tó ti dì lẹ mọ̀. Èyí ò tíì dì."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dun ẹ̀gbọ́n mi jù.

Nígbà tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n bá òun gbàdúrà kí Ọlọ́run mú owú kúrò lọ́kàn òun. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ó ṣe àmín, ó nu ojú, ó wá bi mí pé oṣù mélòó ni ìkókó fi ń rìn, kí àlejò lè padà sílé rẹ̀. Mo ní ọmọ ju ọmọ lọ.

Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìkókó lọ́wọ́ rìn láti ọ̀la.