Ẹni Tó Ń Darí Ọkọ̀ Láti Ẹ̀yìn

Obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kó aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn ńlá kan kì í sáré, ìyẹn làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Jẹ́ẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tó ń wà, irin ló bò ó láti ẹ̀yìn ìjókòó títí dé ìdí, kò sí gíláàsì kankan lẹ́yìn. Tó bá wo dígí tó wà lókè orí rẹ̀, àpò aṣọ ló máa rí, tí wọ́n tò kan òrùlé. Dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ló fi ń wo ẹ̀yìn, àwọn náà kò sì lè fi ohun tó wà nídìí ọkọ̀ gan-an hàn án.

Ọ̀nà tóóró kan, láàárín ilé ìfọṣọ àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ló ti ń já ẹrù. Ọkọ̀ kò lè yí níbẹ̀, rìfáàsì ni wọ́n ń ṣe wọlé. Mẹ́gáàdì àgbà kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Géètì ló máa ń darí rẹ̀. "Máa bọ̀, máa bọ̀! Ṣẹ́ ọwọ́ sọ́tùn-ún! Ó tó!" Kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà ha ara ògiri rí. Ó máa ń fi Ìyá Jẹ́ẹ́jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí obìnrin náà àti ìgbín bá jọ sáré, ìgbín á ti jẹun tán kó tó dé.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Jẹ́ẹ́jẹ́ ń ṣe rìfáàsì wọlé bó ṣe máa ń ṣe: rédíò pa, fèrèsé ṣí, ẹsẹ̀ ò kúrò lórí bíréèkì. Ó gbọ́ "Máa bọ̀!" Ó wo dígí ọ̀tún, kò rí Bàbá Géètì. Ó wo tòsì, kò rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ lọ́kọ̀ wíwà ti kìlọ̀ fún un pé ẹni tó ń darí èèyàn, téèyàn ò bá ti rí i mọ́, ariwo lásán ló ń pa. Ó tẹ bíréèkì.

"Máa bọ̀ jàre! Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn!"

Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá arúgbó kan ló wà nídìí ọkọ̀, nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e síta kó yá oòrùn, ó sì ti sùn lọ. Bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ ló kù kí irin kàn án. Bàbá Géètì fara ti ògiri níbi tí dígí kò dé, ó kọjú sí ìyá náà gan-an, ó ṣì ń juwọ́.

Ìyá Jẹ́ẹ́jẹ́ kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà sábẹ́ ibòji. Ìyá náà la ojú.

"Ṣé oúnjẹ ti dé ni?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ó padà sọ́dọ̀ Bàbá Géètì. "Bàbá, kí lẹ rí lẹ́yìn ọkọ̀ mi?"

"Kí ni mo fẹ́ rí? Ilẹ̀ lásán."

"Màmá arúgbó kan wà níbẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́."

Ohùn bàbá náà wálẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ mi. Bí ẹni ń wòran látinú èéfín. Ìró ẹ́ńjìnnì rẹ ni mo fi ń mọ ibi tó o dé. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé?"

Inú bí obìnrin náà, àánú sì ṣe é, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ sọ. "Iwájú ilé ìtọ́jú ojú lẹ ń jókòó sí lójoojúmọ́, Bàbá. Ẹ ò wọlé rí?"

"Ọbẹ ni wọ́n ń lò níbẹ̀."

"Ọbẹ wọn kò tó irin ọkọ̀ mi. Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín lónìí. Tẹ́ ò bá sọ, èmi á sọ ọ́."

Bàbá náà kùn, ó kùn, àmọ́ ó lọ. Ọ̀gá rẹ̀ kò lé e. Ó ní kó máa jókòó kí àwọn àlejò títí wọn yóò fi ṣe ojú rẹ̀. Ìyá Jẹ́ẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ awọ funfun tó bo ẹyin ojú náà. Bàbá náà dì í lọ́wọ́ mú bí ọmọdé tó ń lọ gba abẹ́rẹ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, obìnrin náà nìkan ló ń darí ara rẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sọ̀ kalẹ̀, á rìn yí ọkọ̀ ká, á wo inú ọ̀nà náà dé òpin, á tẹ fèrè, lẹ́yìn náà ni yóò máa yọ́ wọlé. Bó bá ṣiyèméjì, á tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ará ilé ìfọṣọ ń kígbe pé ṣé ìrìn àjò ló ń lọ ni. Ó bẹ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má gbé aláìsàn kankan sí ọ̀nà yẹn mọ́, wọ́n sì gbà.

Nígbà tí Bàbá Géètì padà sẹ́nu iṣẹ́, ó rí i tí obìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ kó tó ṣe rìfáàsì. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Ṣé o ò gbà mí gbọ́ mọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Ojú mẹ́rin sàn ju méjì lọ ni."

Bàbá náà sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa, ẹ̀rín sì bẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Àṣé o ti hu ewú tó báyìí! Ọmọdébìnrin ni mo rò pé mò ń darí láti ọjọ́ yìí."