Àkíbù Ọlọ́sàn-wẹ́wẹ́ àti Eruku Ọyẹ́

Bí ẹ bá dé Bẹ̀yẹ́rúnkà lónìí, tí ẹ bi àgbàlagbà kan léèrè Àkíbù Ọlọ́sàn-wẹ́wẹ́, kó tó dá yín lóhùn, yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ti ọjọ́ tí àwọn àna Àkíbù sunkún gba ìyàwó.

Ọdún 1978 ni. Àwọn ará Oníyanrìn ń bọ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nítorí Sẹ̀gilọlá, àkọ́bí Àkíbù, tí ọmọkùnrin wọn fẹ́ fi ṣaya. Kúlúsúmù, ìyàwó Àkíbù, ti se oúnjẹ, ó ti tẹ́ ẹní, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé Bàbá Sàláúdéènì tó ń ṣáájú wọn bọ̀ kì í tètè gba tẹni, pé ilé tó ti wọ̀ tó sì fi ìbínú jáde kì í ṣe ọ̀kan. Ohun tí Kúlúsúmù ò mọ̀ ni pé ọkọ òun ti rí aáyán kan lẹ́yìn àga pálọ̀.

"Aáyán ò ní bá mi kí àna nínú ilé yìí," ni Àkíbù wí.

Ó kó ẹyin iná sínú àpáàdì, ó da èèpo ọsàn gbígbẹ àti ewé ẹfinrin lé e lórí. Ìyẹn nìkan ì bá tó, nítorí kò sí ìyá àgbà tí ò mọ̀ pé èéfín rẹ̀ ń lé kòkòrò. Ṣùgbọ́n Àkíbù kì í gbà pé nǹkan tó. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ ata gbígbẹ, ó dà á sí i, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé, ó ní kí ó tó di Àlàásárì tí àlejò máa dé, èéfín á ti lọ. Ó bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ wẹ̀.

Àlejò ò dúró de Àlàásárì. Bí wọ́n ṣe kírun Àílà tán báyìí ni wọ́n gbéra. Kúlúsúmù fi ẹ̀rín pàdé wọn, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Èéfín ọ̀hún ti rọlẹ̀, kò hàn sójú mọ́, àmọ́ ata ò kúrò níbì kankan. Wọ́n jókòó tán, Bàbá Sàláúdéènì bá gbọ́hùn sókè.

"Òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín..." Ó húkọ́. "Òdòdó kan..." Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń fi ìborùn nujú, wọ́n ń fọn ikun.

Àkíbù jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn, ó bá àwọn àgbààgbà tí wọ́n ń sunkún kíkankíkan nínú pálọ̀ rẹ̀. Àánú ṣe é.

"Ó tó, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ má sunkún mọ́. Mo ti fún yín lọ́mọ náà!"

Bàbá Sàláúdéènì tó fẹ́ wádìí ìran wọn dé orí baba ńlá ò rí èémí wádìí nǹkan kan. Ó mi orí pé àwọn gbà, ó sáré síta. Bí wọ́n ṣe ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ parí sábẹ́ igi nìyẹn. Nínú gbogbo ilé lọ́jọ́ náà, aáyán nìkan ni kò húkọ́.

Télọ̀ ni Àkíbù, gbárìyẹ̀ rẹ̀ sì lókìkí títí dé Òkè Mápó. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ì báà jẹ́ aṣọ ìyàwó ọ̀ṣìngín ló wà lórí maṣíìnì, ó di ìgbà tí ilé bá mọ́. Gbogbo ẹrù á jáde sí àgbàlá: ẹní, tìmùtìmù, àga, àpótí. Ìdun á rí oòrùn tí ò bẹ̀bẹ̀ fún. Àkíbù á fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó àwo idẹ, á fi eérú fọ ìkòkò, á fi ewé eépín ha pákó, á fi ọṣẹ dúdú fọ ilẹ̀. Oògùn inú ìgò kì í wọlé rẹ̀.

Kúlúsúmù gbìyànjú lọ́jọ́ kan. Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ sí Gbági, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta oògùn ìfọlẹ̀.

"Ẹ kàn ro díẹ̀ sómi, Bàbá," ni obìnrin náà wí, "ilé á máa ta sánsán."

"Fi ahọ́n kàn án kí n wò ó."

"Háà! Bàbá, wọn kì í mu ún o!"

Àkíbù dá ìgò padà sórí àtẹ jẹ́jẹ́. "Ilé tèmi náà ò ní mu ún."

Kúlúsúmù fa ìborùn bojú títí wọ́n fi délé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jàre o. Hezekiah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìdí Arẹ̀rẹ̀, ń tún òrùlé ṣe, ó gbé tábìlì tuntun wá fún un pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Káfíńtà ti fi fáníìṣì kun tábìlì náà, ó ń dán bíi dígí. Àkíbù yí i po, ó ní, "Ìdọ̀tí tó ń dán lèyí." Ó kó ewé eépín tó rí ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, ó ha tábìlì látàárọ̀ dalẹ́.

Hezekiah dé. "Tábìlì mi dà?"

"Òun nìyí."

"Èyí kọ́!"

"Òun ni. Ó kàn ti wẹ̀ ni."

Hezekiah fi tábìlì sílẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ojú kúrò lára Àkíbù. Bí wọ́n bá pàdé ní Ọjà'ba, á gba òdìkejì ọ̀nà. Ó dun Àkíbù. Kúlúsúmù sì rí i pé bílẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ òun á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí tábìlì, á máa fi òrí pa á lára, á máa fi aṣọ bó o. Nígbà tó yá, igi náà pọ́n, ó ń kọ mọ̀nà bí ara ọmọ tuntun. Àkíbù fi orí ara rẹ̀ rù ú dé Ìdí Arẹ̀rẹ̀.

Hezekiah wo tábìlì títí, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń làágùn. "Wọlé wá jẹun," ló wí. "Àmọ́ o ò gbọdọ̀ fọ abọ́ o."

Nígbà kan, Àkíbù dá adìyẹ sínú pálọ̀ kó máa ṣa ikán àti aáyán jẹ. Àfi bí wolé-wolé ṣe yọ sí i. Adìyẹ wà lórí àga, ó ká ẹsẹ̀ bí àlejò.

"Bàbá, inú pálọ̀ ladìyẹ yín ń gbé?"

"Kì í gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ ló wá ṣe."

"Ó ti yàgbẹ́ sílẹ̀ o, ẹ wò ó!"

Àkíbù wò ó, ó wo wolé-wolé. "Níbi iṣẹ́ tiyín, ṣé ẹ ò ní ṣáláńgá ni?"

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́ kó rí i ṣe. Ó ní kí òun má bá adìyẹ níbi iṣẹ́ bí òun bá padà dé.

Ọdún 1993 ni Àkíbù lọ, kí ọyẹ́ tó dé. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàmín tán, ìtàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ tán, ẹlòmíì á gbà á. Ààfáà pàápàá fi etí láwàní bo ẹnu. Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ni Sẹ̀gilọlá bá ní, "Ìyá mi, tiyín dà?"

Kúlúsúmù nu ojú. Ó ní nígbà òjò àkọ́rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, orókún ò jẹ́ kí bàbá wọn lè dìde mọ́. Wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un, ó ń pàṣẹ, òun ń gbálẹ̀.

"Kúlú, eruku ṣì wà nígun ọ̀hún."

Òun kọjá níwájú rẹ̀, òun lọ gbá a.

"Kúlú, ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ńkọ́?"

Òun tún kọjá, òun gbá a. Ó tún pe òun. Nígbà tó sú òun, òun sọ ọwọ̀ mọ́lẹ̀. "Bàbá Sẹ̀gi! Eruku wo lẹ tún rí? Ilẹ̀ tó mọ́ bí ẹyin ojú!"

Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Kò sí eruku kankan, Kúlú. Bó o ṣe ń kọjá níwájú mi ló ń dùn mọ́ mi."

"Kí lẹ wá ṣe, Ìyá mi?" ni Sẹ̀gilọlá bi í.

"Kí ni mo fẹ́ ṣe?" ni Kúlúsúmù wí. "Mo mú ọwọ̀ nílẹ̀, mo sì tún ilé gbá látìbẹ̀rẹ̀."