Àkèré Ẹ̀gbọ́n Mi
Kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bá ẹranko kankan jà nínú géèmù, á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Kí lèyí ń bẹ̀rù?" Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní àdúgbò Maourey, ẹranko ńláńlá làwọn ọkùnrin fi ń kojú ọ̀gá géèmù náà, kìnnìún oníná kan tó ń jó gbogbo wọn run. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó, àkèré kékeré tó ń tu omi ló yàn.

Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Àǹtí, ẹ dìde. Eré ọkùnrin nìyí."

Kò wojú ẹ̀. "Omi ni kìnnìún yìí ń bẹ̀rù," ló fèsì.

Àkèré tu omi lẹ́ẹ̀mẹta, kìnnìún ṣubú.

Inú bí oníṣọ́ọ̀bù náà. Ó ní obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi kó àwa ọmọbìnrin márùn-ún wá, gbogbo àga la sì jókòó sí.