Ìbò Mẹ́ta Péré fún Ìkòkò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mowe, tí oko ẹ̀gẹ́ ṣì pọ̀ ju ilé lọ, ìbò jẹ́ eré fún àwa ọmọdé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí. Bí a bá ń ṣe tẹ́ń-tẹ̀n, ẹni tó bá borí ni gómìnà, ẹni tó bá tẹ̀ lé e ni aṣòfin, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá mọ eré rárá ló máa ń di mẹ̀kúnnù. Èmi ni mẹ̀kúnnù lọ́pọ̀ ìgbà.

Bàbá mi ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ládùúgbò wa, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Bàbá Ẹlẹ́rọ. Òórùn ẹ̀gẹ́ tútù ló máa ń jí wa láàárọ̀. Kí a tó lọ sílé ìwé, àwa ọmọ la máa ń fọ ẹnu ẹ̀rọ náà, tí a ó máa fi kànìnkànìn họ ìdọ̀tí tó ti gbẹ mọ́ ọn. Bí màmá mi bá rí ìdọ̀tí níbẹ̀, o máa kúnlẹ̀, o máa ká ọwọ́ méjèèjì sókè, o máa kọjú sí ògiri, àwọn ìyókù yóò sì máa mu gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́yìn rẹ. Ìró ẹ̀pà lẹ́nu wọn ló ń dunni ju orúnkún lọ.

Àwa àti ìyá bàbá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, la jọ ń gbé, pẹ̀lú àbúrò bàbá mi, Bọ̀dá Rẹ̀mí. Bọ̀dá Rẹ̀mí ń wa ọ̀kadà. Àwọn ló máa ń gbé mi lọ sílé ìwé lórí táǹkì epo, tí wọ́n á máa fun fèrè bí ẹni pé ìyàwó gómìnà ni wọ́n gbé.

Ìyá Àgbà kì í fi orúkọ pe àwọn tó ti lọ ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin rí. Ohun tí kálukú ṣèlérí ni wọ́n fi ń pè é. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́dà, nítorí ó ní òun yóò da ọ̀dà sí ọ̀nà tó lọ sí Ọbáfẹ́mi. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Olómi-ẹ̀rọ. Ìyá Àgbà ní kí Olómi-ẹ̀rọ tó gbẹ́ kànga rẹ̀ dé omi ni àwọn sójà gbàjọba, kòtò náà sì di ibi tí ewúrẹ́ ń kó sí. Lẹ́yìn náà, ọdún pọ̀ tí a kò fi dìbò fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn sójà wá padà sí bárékè, tí òṣèlú tún bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kékeré kan wá bẹ bàbá mi pé kí wọ́n díje fún àga aṣòfin àgbègbè wa. Ìkòkò ni àmì ẹgbẹ́ náà.

Ilé wa kún. Láti Ìbàfò, láti Magboro, láti àwọn abà tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí, ènìyàn ń wá. Ìkòkò ìrẹsì kì í kúrò lórí iná. Màmá mi ń se sítáàṣì ẹ̀gẹ́ fún wa láti fi lẹ fọ́tò bàbá mi mọ́ ògiri, a ó fẹ́ ẹ kí ó tutù, yóò sì gan sí wa lábẹ́ èékánná títí di ọjọ́ Àìkú. Bọ̀dá Rẹ̀mí ló ń gun àkàbà. Kò sí ògiri tí wọn kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ láti Mowe dé Ìbàfò. Ewúrẹ́ kan jẹ ojú òsì bàbá mi lára ilé Ìyá Sàráfá, a rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn wá.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi bàbá mi lọ́jọ́ kan lójú gbogbo wa pé, "Ẹ̀rọ yìí kò tó ọ ni?"

Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ayé àtijọ́ kọ́ nìyí."

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Lọ́jọ́ ìbò, iwájú ilé ìwé wa ni wọ́n gbé àpótí sí. Àwọn àgbà mẹ́rin ilé wa jọ rìn lọ síbẹ̀ láàárọ̀: bàbá mi, màmá mi, Ìyá Àgbà àti Bọ̀dá Rẹ̀mí. Kálukú wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sí igun, ó tẹ̀ka, ó jáde. Ní ọ̀sán, wọ́n da ìwé ìbò sórí tábìlì, akọ̀wé kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Àwa ọmọdé ń bá wọn kà á bí ẹni ń ka ABD. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkòkò, a pariwo, "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" A lanu láti pe ẹ̀rin, akọ̀wé náà sì ní ó ti tán.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Bàbá mi bọ akọ̀wé náà lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́, wọ́n yí padà sílé. Níbòmíràn, ìbò wọn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ọkùnrin mìíràn ló wọlé.

Pé àwọn tó jẹ ìrẹsì wa kò dìbò fún wọn, ìyẹn dùn wọ́n, àmọ́ kì í ṣe òun ló wó wọn lulẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló jáde nílé wa, ìbò mẹ́ta sì ni wọ́n rí. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń wo ojú ènìyàn nídìí oúnjẹ. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Màmá mi á gbé ọbẹ̀ kalẹ̀, bàbá mi á wo ọwọ́ wọn, wọ́n á wo Bọ̀dá Rẹ̀mí, wọ́n á sì ní ebi kò pa àwọn. Eré ṣíṣe kúrò lójúde wa. Bí a bá rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á ní kí a lọ kúnlẹ̀.

Ẹnì kan ló wá sọ fún bàbá mi pé òun rí Bọ̀dá Rẹ̀mí ní Ìbàfò tí wọ́n ń bá àwọn èèyàn ẹni tó wọlé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó tán nìyẹn. Mo wà lójúde lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi pe Bọ̀dá Rẹ̀mí, mò ń bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú Ìyá Àgbà.

Bàbá mi ní, "Rẹ̀mí, àṣé ìwọ tí mo tọ́ dàgbà ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi mí ní tààràtà," Bọ̀dá Rẹ̀mí dáhùn. "Ohun tí ẹ fẹ́ bi mí, ẹ bi mí."

"Kí ni mo fẹ́ bi ọ́? Àpótí ti sọ̀rọ̀."

Bọ̀dá Rẹ̀mí dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èèpo ẹ̀gẹ́. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n kó aṣọ wọn sínú báàgì kan, wọ́n gun ọ̀kadà wọn. Wọn kò tilẹ̀ rántí pé èmi ló ń gùn ún lọ sílé ìwé. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà wọ́n tún mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Ifọ̀ ni Bọ̀dá Rẹ̀mí lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sílé ìwé láti ìgbà náà.

Nígbà tó yá, oko ẹ̀gẹ́ ń di pápá, pápá ń di ilé. Àwọn ará Èkó ń ra ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń gbé wá lọ̀ sì ń dín kù, títí ìpẹtà fi bo ẹ̀rọ bàbá mi. Ìbò mìíràn dé, òmíràn tún dé. Bí ó bá ti di ọjọ́ ìbò, bàbá mi á tìlẹ̀kùn, wọ́n á sùn.

Mo ti fẹ́ jáde nílé ìwé girama kí n tó mọ òtítọ́. Èmi àti Ìyá Àgbà ń já ewé ẹ̀fọ́ lójúde, ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polongo ìbò kọjá lọ, mo sì ní, bí kì í bá ṣe ìbò, Bọ̀dá Rẹ̀mí ì bá ṣì wà níbí.

Ìyá Àgbà ní, "Rẹ̀mí kọ́. Èmi ni."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Bàbá rẹ wà lẹ́yìn mi nígbà tí wọ́n da bẹntiróòlù sílé wa ní Ọbáfẹ́mi," ni wọ́n wí. "Nítorí ìbò ni. Bàbá rẹ àgbà jáde nínú iná náà, ṣùgbọ́n èéfín ti wọ̀ wọ́n nínú. Wọ́n wúkọ́ títí wọ́n fi kú. Ọmọ tí mo pọ̀n sá iná ìbò ló ní òun fẹ́ ṣòṣèlú. Ẹlòmíràn ni mo tẹ̀ka fún. Ọmọ mi ni mo fẹ́, n kò fẹ́ aṣòfin."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀ nígbà tí Bọ̀dá ń lọ?"

"Ojú tì mí. Mo ní yóò padà. Ẹni tó bínú lọ sí Ifọ̀, ṣé Ifọ̀ jìnnà ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ fún bàbá mi. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ. Bàbá mi kàn ní, "Ẹ̀yin, ìyá mi?" Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí n sin àwọn lọ sí Ifọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń la pákó la ti bá Bọ̀dá Rẹ̀mí, ìdọ̀tí igi funfun lórí wọn bí ewú. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n pe ìyàwó wọn kí ó bu omi wá. Bàbá mi kò mu omi. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Èmi kò rí i kí bàbá mi bẹ ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tán," ni Bọ̀dá Rẹ̀mí wí. "Ẹ mu omi. Inú kò bí mi sí yín mọ́. Àmọ́ ẹ má ní kí n padà wá. Ẹ ò bi mí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ìbò kọ́ ló dùn mí, pé ẹ ò bi mí ló dùn mí."

Wọ́n sìn wá dé ibùdókọ̀, wọ́n sì san owó ọkọ̀ wa. Wọ́n wá sìnkú Ìyá Àgbà nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni wọ́n padà.

Lónìí, ilé ló kún gbogbo oko náà. Gbogbo ògiri ló ní fọ́tò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú ọgbà kò mọ ẹni tó ń ṣojú àwọn, bí wọ́n bá ti jí ni wọ́n ń sáré lọ sí Èkó. Àwọn ọmọ mi kò mọ aṣòfin kankan débi tí wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tiwa, ìbò wọ ilé kálukú, ó sì jókòó sídìí oúnjẹ. Ní báyìí, orí fóònù ló ń gbà kọjá. Mi ò lè sọ èyí tó sàn.

Kí wọ́n tó dìbò tó kọjá yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá bàbá mi lójúde. Ó fẹ́ díje fún àga kan náà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣàdúrà fún mi, sà."

Bàbá mi, tí ojú wọn ti di bàìbàì, bi í pé, "Ṣé ìyá rẹ wà láyé?"

"Wọ́n wà, sà."

"Ṣé wọ́n fẹ́ kí o ṣe é?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Màmá mi? Wọn ò kí ń dá sí pọ́lítíìsì, sà."

"Lọ bi wọ́n," ni bàbá mi wí. "Jókòó tì wọ́n, kí o bi wọ́n."

Ó ní òun ti gbọ́, sà. Ó ya fọ́tò pẹ̀lú bàbá mi, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Mi ò mọ̀ bóyá ó bi wọ́n.