Omi Tí Ìyá Gbé Fún Olóṣèlú Ará Kánádà

Ọkùnrin kan tó ń wá ìbò ní Kánádà fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ kan ní Padova nílẹ̀ Ítálì polówó ara rẹ̀, títí di òní kò sì sí ẹni tó bẹ ìyá náà.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá náà wà ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Padova. Kí o tó ti ilẹ̀kùn onígíláàsì rẹ̀ tán ni òórùn irú àti panla á ti wá pàdé rẹ, òórùn ìpara irun á sì tẹ̀lé e láti ẹ̀yìn, níbi tí ọmọbìnrin Benin kan ti ń dirun fún àwọn oníbàárà. Nígbà òtútù, gbogbo rẹ̀ máa ń pa pọ̀ mọ́ òórùn àwọn kóòtù tútù tó ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, débi pé tí mo bá jókòó ní kíláàsì lẹ́yìn náà, mo máa ń rò pé gbogbo yunifásítì ló ń gbọ́ ibi tí mo ti ń bọ̀ lára mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà yẹn, ìmọ̀ òṣèlú ni mò ń kọ́. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Bí mo bá wọlé, màá kúnlẹ̀ láàárín àpò gàrí àti páálí iṣu, wọ́n á sì ní, “Dìde, ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?” kí eékún mi tó kanlẹ̀ dáadáa. Mi ò ro ìkúnlẹ̀ wò rí láyé mi. Bí èèyàn ṣe ń mí ni.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ìyá bí. Padova níbẹ̀ ló ti dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ wọn ló lọ, bí Ìyá bá sì sọ Yorùbá sí i, èdè Ítálì ló fi ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, ó fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan, àwọn méjèèjì kó lọ sí Kánádà, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ó lóyún àkọ́bí. Ìyá ti gba físà, wọ́n sì ti ń di ẹrù: ọṣẹ dúdú, òrí, àti kànìnkànìn tí wọ́n ní kí ẹnì kan bá wọn mú wá láti Abẹ́òkúta, torí wọ́n ní èyí tí àwọn fúnra wọn ń tà kò rọ̀ tó fún ara ìkókó. Wọ́n á kó wọn jáde nínú báàgì fi hàn mí, wọ́n á tún kó wọn padà. Ìwọ náà kúkú mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí ọmọ bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń lọ wẹ ọmọ. Òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún ọmọ tirẹ̀, òun ló ń na ìkókó lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, tí á máa fi oríkì kí i bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́. Gbogbo ohun tí Ìyá ń fẹ́ láyé lọ́dún náà kò ju ìyẹn lọ.

Wàyí o, olóṣèlú náà. Wàá dárí jì mí, mi ò lè pe é ní “wọn”. Mo kà nípa rẹ̀ ní yàrá ìkàwé kó tó dé, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni mò ń sọ. Abúlé kan lẹ́yìn Padova ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko. Ebi ló lé e dé Kánádà, iṣẹ́ kọnkéré ló sì fi tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ìtàn bàbá yìí ni ọmọ fi ṣe àkàbà nínú òṣèlú ìpínlẹ̀ wọn. Ó di kánsẹ́lọ̀, ó di aṣòfin ìpínlẹ̀, ó di mínísítà ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá dìde ní gbangba, ó ní àwọn àjèjì òde òní kò dà bí ti ayé bàbá òun, ó ní ọwọ́ nínà bíi ti alágbe ni wọ́n ń gbé wọlé. Ariwo ta, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó padà síbẹ̀, ó lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn èèyàn ló ṣi òun gbọ́. Nígbà tó fi máa wá kí àwọn ará bàbá rẹ̀ ní Veneto, agbègbè tí Padova wà, ohun kan ló ń wá kiri: àwòrán tí yóò fi hàn pé òun kò kórìíra ẹnikẹ́ni.

Mo sọ gbogbo èyí fún alága ẹgbẹ́ Yorùbá wa. Ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú ni alága ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọrọ sala, ìyẹn gbọ̀ngàn, lọ́wọ́ comune, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà, kí ẹgbẹ́ lè rí ibi máa ṣèpàdé. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ará Veneto tó gba olóṣèlú náà lálejò béèrè bóyá a máa fẹ́ kó wá kí wa, alága rò pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bá wa ya fọ́tò, comune á dá wa lóhùn. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì,” wọ́n ní, “tí wọ́n bá bu ọbẹ̀ fún yín, ẹ ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ẹja ti kàwé.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n wá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àlejò.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló wá, nínú yàrá kan tí ìjọ kan yá wa, ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá yẹn àti ṣọ́ọ̀bù Ìyá níyà. Ó ga, irun rẹ̀ funfun láúláú, ó ń sọ èdè Veneto àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Padova fúnra wọn kì í sọ mọ́. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Alága ti kọ́ gbólóhùn ìkíni sórí, wọ́n kà á já, a pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Ìyá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, wọ́n gbé omi gíláàsì kan sórí tíréè. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Àlejò kì í wọlé wa kó jókòó lásán, ohun tó bá fẹ́ sọ, omi ló ń ṣáájú rẹ̀. Wọ́n rọra bi mí pé apá ibo ní Kánádà ni bàbá yìí ti wá. Mo dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Ìyá dúró.

“Ṣé ibi tí ọmọ mi wà kọ́ nìyẹn?”

“Ibẹ̀ ni, Ìyá.”

Wọ́n rìn dé iwájú ọkùnrin náà, wọ́n fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíréè náà sókè sí i. “Ọmọ mi wà nílẹ̀ yín,” wọ́n ní. “Ó lóyún, kò sì ní ìyá níbẹ̀. Ẹ bá mi fi ojú ọmọ wò ó.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo fara balẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Mo tún fi kún un pé bí ìyá ṣe ń fi ọmọ lé èèyàn lọ́wọ́ nìyí lọ́dọ̀ wa, pé kì í ṣe ìbẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìwà ẹrú. Ó mi orí. Omi lé sí i lójú, tòótọ́ ni mo sọ. Ó ní ìyá òun náà kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ère kan ní èbúté Genova lọ́jọ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kánádà. Ó gba omi náà, ó sì mu ún tán. Kámẹ́rà ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àṣà wa ló ṣàjèjì sí i. Ó yé e. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwòrán náà kọ́kọ́ jáde ní odindi. Ó wà lójú ìwé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín, Ìyá wà níwájú rẹ̀, omi wà láàárín wọn, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń gba òun tọwọ́ tẹsẹ̀. Alága tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gbé e lọ sí comune. Comune kò fún wa ní sala. Ní Kánádà, àwọn alátakò rẹ̀ wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: kí ló ń fi obìnrin dúdú lórí eékún ṣe? Gbólóhùn kan péré ni ì bá fi dá wọn lóhùn, pé ìyá kan ló ń bẹ òun nítorí ọmọ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó gé àwòrán. Ó gé ara rẹ̀ kúrò, ó gé gíláàsì omi àti tíréè kúrò, ó ṣẹ́ku Ìyá nìkan lórí eékún pẹ̀lú ọwọ́ méjì nínà sókè sí afẹ́fẹ́. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ohun tí òun fojú ara òun rí ní Ítálì nìyí, pé irú rẹ̀ kò ní wọ ìpínlẹ̀ òun. Ọwọ́ nínà tó ti ń sọ láti ọjọ́ yìí, ó ti rí i mú wàyí. Wọ́n ń jù ú sínú ilé oníkálukú bí ìwé ìpolongo. Ọ̀kan bọ́ sílé ọmọ Ìyá.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tó pè. Ìyá máa ń gbé ohùn fóònù sókè kí ọwọ́ wọn lè ráyè bu gàrí. “Mamma, perché in ginocchio?” Lẹ́yìn náà ló tún un béèrè ní Yorùbá, ohun tí kì í ṣe: “Kí lẹ kúnlẹ̀ fún?”

“Nítorí tìẹ ni.”

Ọmọbìnrin náà ní wọ́n ti lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri níbi tí àwọn ti ń mu tíì níbi iṣẹ́, ẹnì kan sì ti bi òun, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé ṣé òun náà máa kọ́ ọmọ inú òun ní ìkúnlẹ̀. Ojú ń ti òun, inú sì ń bí òun pé ó ń ti òun. “Ẹ má tíì wá,” ó ní. “Kí ìbò yìí kọjá ná.” Mi ò dá a lẹ́bi. Ó fẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ojú ìyá rẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n oyún kì í dúró de ìbò. Ó bí ọmọ rẹ̀, ọkùnrin, Ìyá sì wẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù: ọkọ ọmọ ló gbé e dání, Ìyá ń ké láti ẹ̀yìn káńtà pé kí wọ́n gbé orí rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n na apá rẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, ojú ọmọ ń dúró gbagidi kó tó tún mira. Báàgì ẹrù wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Òórùn òrí wá di ara òórùn ṣọ́ọ̀bù náà.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn. Ẹ̀rọ ló dáhùn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún àtìlẹ́yìn mi. Mo tún kọ, mo fi odindi àwòrán sí i pẹ̀lú omi àti tíréè, mo kọ gbogbo ohun tí Ìyá sọ. Kò sí èsì. Àwọn tó gbà á lálejò ní Padova ní àlejò ló ni fọ́tò, pé àwọn kò lè dá sí i. Alága ní Kánádà ti jìnnà jù, kí n jẹ́ kó lọ. Mo bi wọ́n pé tó bá jẹ́ ìyàwó yín ńkọ́? Wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn. Ọkùnrin náà wọlé ìbò, wọ́n sì tún fi í jẹ mínísítà.

Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án kan, mo kúnlẹ̀ bí ìṣe mi láàárín àpò gàrí àti páálí iṣu. Ìyá yára jáde lẹ́yìn káńtà, wọ́n gbá mi ní apá mú, wọn ò béèrè bóyá mo ti jẹun. Ilẹ̀kùn onígíláàsì ni wọ́n ń wò. “Dìde,” wọ́n ní, ohùn wọn rẹlẹ̀. “Wọ́n lè máa wò wá.” Kò sí ẹnì kankan níta ju àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lọ.

Ìlú Torino ni mo wà báyìí, iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Nígbà tí ọmọ Ìyá fi máa mú ọmọ rẹ̀ wá sí Padova, ọmọ ti ń sáré. Ìyá mú kànìnkànìn Abẹ́òkúta jáde, ọmọ náà sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní òun lè dá wẹ̀. A rẹ́rìn-ín, Ìyá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ká kànìnkànìn náà padà sínú báàgì. Mo ti kà nínú ìwé pé olóṣèlú ń jí ìbò, ń jí owó, ń jí ilẹ̀. Kò sí ìwé tó sọ fún mi pé ó lè gba ìkíni lára èèyàn, kí onítọ̀hún máa bojú wẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

Nítorí náà mò ń béèrè. Alága, ọjọ́ wo lẹ máa lọ jókòó níwájú Ìyá, kí ẹ sọ fún wọn pé a kìlọ̀ fún yín? Ẹ̀yin ará Veneto tí ẹ mú un wá, tí bàbá tiyín náà ṣí lọ rí, ta ni nínú yín tó rí àwòrán gígé yẹn tó sì ní kò burú? Ìwọ mínísítà, ọwọ́ ta ló gé e, ta ló sì rán an? Má sọ fún mi pé o ò rántí. O sunkún níbẹ̀. O mu omi náà tán níṣojú wa. Níbo lo gbé gíláàsì Ìyá sí?