Eré Àwọn Ẹ̀ṣọ́: Ti Àtijọ́ àti Àtúnṣe Rẹ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń fi ojú kéré wo eré. Mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ti ń ṣeré ni ìwà rẹ̀ ti máa ń hàn jù. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀ láti òkè-òkun, tí ó sì ń lo ọ̀sán rẹ̀ nídìí eré kan ṣoṣo tí ó wà nínú rẹ̀, n kò bá a wí. Mo gbé àga mi sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ránṣọ, mo sì ń wò.

Eré náà kò ní ariwo. Wọ́n ti ọkùnrin kan mọ́ inú ilé olódi, kò sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀; kí ó yọ́ jáde láìjẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ kankan fojú kàn án ni gbogbo iṣẹ́ tí ó ní. Ìlà aláwọ̀ ewé lásán ni wọ́n fi ya ògiri ilé náà sójú gíláàsì dúdú, àwọn ẹ̀ṣọ́ kò sì ju igi ìṣáná tí ó ní ẹsẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àyà mi a máa já nígbàkúùgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá yíjú padà. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní ipa ọ̀nà tirẹ̀, kì í sì í yẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi sọ èyí tí ó dúró lórí àtẹ̀gùn ní Akápò nítorí pé, bíi ti akápò yunifásítì wọn, kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ó fi tó ọdún mélòó kan, ó ti mọ ìṣísẹ̀ gbogbo wọn lórí. Ó lè máa bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìjọ, kí ó kọjú sí fèrèsé, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa mú ọkùnrin náà kọjá lẹ́yìn Akápò.

Ó ti fẹ̀yìn tì, a sì ti kó wá sí ilé tiwa ní Òkè-Ògbó, nígbà tí ọmọ wa obìnrin tí ń gbé ní London fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú síídì kan. Eré yẹn kan náà ni, wọ́n tún un ṣe. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo wo yàrá kìn-ín-ní rẹ̀ fínnífínní, mo sì gbà pé ó lẹ́wà. Ògiri ti di òkúta gidi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ní ojú àti irùngbọ̀n, ìró bàtà wọn sì ń dún kó, kó, kó. Ṣùgbọ́n ìwà wọn ti yàtọ̀. Ti àtijọ́ ń rìn bí agogo. Ti tuntun ń rìn bí ènìyàn. Wọn a dúró, wọn a tẹ́tí, wọn a padà sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, wọn a sì yọ láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe lánàá kọ́ ni wọn yóò ṣe lónìí.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti gbé àga mi lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, níbi tí mo ti lè rí ojú abẹ́rẹ́ mi. Ìró nìkan ni mo fi ń tẹ̀lé eré náà, ìró ọ̀hún kò sì yí padà: bàtà, ìdákẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà igbe ẹ̀ṣọ́. Ọkọ mi kò lè kọjá yàrá kejì.

"Wọ́n tún ti mú yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Kí ni n ó ti rí, Màdáámú? Wọn kò tan iná sílé ọ̀hún."

Mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọmọ wa pé àwọn tí ó tún eré náà ṣe ti bà á jẹ́. Pé wọ́n kùn ún dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n sọ inú rẹ̀ di inú ìkòkò. Pé ẹni tí ó bá fẹ́ tún ilé ṣe kì í dí fèrèsé rẹ̀. Ó tẹ̀ wá láago. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn fi ń bú eré náà lọ́dọ̀ wọn ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù, pé fìtílà ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ń tú wọn fó kí wọ́n tó dé.

"Mọ́mì, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti wò ó?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọkọ mi sùn lẹ́yìn oúnjẹ, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Wọ́n mú mi lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ìka mi kò mọ bọ́tìnnì. Nígbà kẹta, mo dé yàrá kejì. Ẹ̀ṣọ́ kan yọ láti apá òsì, ìmọ́lẹ̀ fìtílà rẹ̀ gba ìdajì ògiri. Mo rí i tipẹ́ kí ó tó lè rí mi. Mo fa ọkùnrin mi sẹ́yìn òpó, mo sì kọjá. Mo kọjá yàrá kẹta pẹ̀lú. Inú mi dùn débi pé mo dìde láti lọ jí ọkọ mi, kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn yàrá nígbà tí èrò kan dá mi dúró. Bí kì í bá ṣe ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ ni ó ṣókùnkùn, kí ni ó ṣókùnkùn?

Mo rántí òpó géètì wa, tí ọ̀dà ọkọ̀ wa wà lára rẹ̀, tí ọkọ mi sì ní bíríkìlà ló mọ géètì náà há jù. Mo rántí aládùúgbò tí ó fẹjọ́ sùn mí pé Bàbá ti ń rí àwọn fín, pé ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn láìkí àwọn. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ọkọ mi ni yóò wa ọkọ̀ gbé wa lọ sí ìpàdé ẹbí rẹ̀ ní Ìpetumodù.

N kò sùn dáadáa. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, obìnrin kì í gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà kí ó tó mú un. Ó ti jókòó sí àyè awakọ̀ nínú agbádá rẹ̀, ó ń wo ọ̀kánkán. Mo jókòó sí apá ọ̀tún rẹ̀. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, kò jìnnà sí etí rẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, mo sì dá ọwọ́ dúró.

"Màdáámú, kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà síbẹ̀.

"Àbí o gbàgbé rẹ̀ sílé? Ìwọ tí o máa ń na ọmọ tó bá gbàgbé pẹ́ńsù."

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yín, Bàbá."

Ó yí orí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú gbá a.

"Mo mọ ọ̀nà Ìpetumodù bí ẹni mowó."

"Ẹ mọ eré àtijọ́ náà bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Pé ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fa kọ́tìnnì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Ọdún méjì. Gbogbo ìsinmi ọdún méjì yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ wa fi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ó bi mí pé ta ló tún mọ̀. Mo ní èmi nìkan, títí di ọjọ́ Ajé tí a ó lọ rí dókítà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀.

Takisí ni a wọ̀. A ti fi ìlú sílẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ṣàdédé dẹ eré, tí ó sì yà bàrà sí òsì.

"Kí ló dé?" ni ọkọ mi béèrè.

Mo sọ fún un pé tirela kan ló kú sójú ọ̀nà, pé wọn kò já ewé sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Apá ọ̀tún," ni mo wí. "Ibi tí mo máa ń jókòó sí."